Kí Ẹ Tó Gbà Kí Wọ́n Tú Jíà Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ oníjíà ọ́tò kó gàárì àti ẹ̀gúsí láti Ìgàngàn lọ sí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà. Bí ẹńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò fẹ́ rìn, ọ̀pọ̀ nínú wa a sáré wá yá owó láti ra jíà mìíràn. Ẹ ṣe sùúrù ná. Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ìnáwó.

Epo inú jíà ló ń fi agbára ti àwọn àwo inú rẹ̀ pọ̀ kí ọkọ̀ tó lè lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo epo bí ìwé ọkọ̀ ti wí. Bí ó bá dín, agbára á dín. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, àwọn àwo ti ń jóná nìyẹn.

Bí epo bá pé, ẹ wọn agbára rẹ̀. Aago tó lè ka 300 psi ni kí ẹ lò, kì í ṣe aago táyà. Ti jíà CVT yàtọ̀. 300 kò tó o.

Ìta gbangba, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ni kí ẹ ti ṣe é. Kí ọkọ̀ tutù, kí ẹńjìnnì sì kú, kí ẹ tó so rọ́bà aago mọ́ ihò tí ìwé ọkọ̀ fi hàn. Kí rọ́bà náà má kan páìpù èéfín. Bí ẹ ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan; ẹ fi irin àgbéró sí i. Ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ fa hándì-búréèkì, ẹ fi igi dí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni méjì ni kó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan á jókòó sídìí ọkọ̀, á tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Èkejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ṣọ́ táyà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn. Nígbà tí epo bá gbóná dáadáa, ẹ ka aago ní D, lẹ́yìn náà ní R, láìtẹ iná. Bí ìwé bá ní kí ẹ tẹ iná dópin, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi.

Ẹ fi òǹkà yín wé ti inú ìwé. Bí D àti R bá kéré, asẹ́ epo lè ti dí, tàbí kí pọ́ǹpù ti rẹ̀. Bí ọ̀kan péré bá kéré, ọ̀nà epo rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa jò. Bí méjèèjì bá pé tí ọkọ̀ kò sì rìn, ó ṣeé ṣe kí àwọn àwo ti jẹ tán.

Ẹni tí kò bá ní aago tàbí ìwé ọkọ̀, kó má dán an wò. Kó sọ fún mẹkáníìkì rẹ̀ pé kó wọ̀n ọ́n lójú òun kó tó tú u. Owó ẹgbẹ́, òógùn gbogbo wa ni.