Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tí Ń Dí Ọ̀nà Èémí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí ìdọ̀tí lásán. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá ní in. Òun ni ó ń mú eruku àti kòkòrò àrùn tí a bá fà símú. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí a sì máa gbá a láti inú ẹ̀dọ̀fóró wá sí ọ̀fun. Ikọ́ ni ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ewu dé nígbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tí ó ki jù. Nígbà náà ni yóò di èdídí sí ọ̀nà èémí, tí afẹ́fẹ́ kò ní lè kọjá. Ohun tí ó sábà ń fà á ni òtútù àyà. Ikọ́ sémìísémìí, tí a tún ń pè ní ásímà. Àìmu omi tó. Àti èéfín sìgá tàbí ti igi ìdáná, tí ń sọ irun wẹ́wẹ́ náà di aláìlágbára. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ìrora kò jẹ́ kí ó húkọ́, wà nínú ewu pẹ̀lú. Ti ọmọdé ni ó burú jù, nítorí tóóró ni ọ̀nà èémí rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ máa fún aláìsàn ní omi mu. Kí ọmọ ọmú máa mu ọmú. Ẹ gbé e jókòó, kí ẹ sì mú un jìnnà sí èéfín. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní oògùn tí ń pa ikọ́ lẹ́nu mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi túláàsì rọ epo tàbí àgbo sí ọmọ lẹ́nu: ohun tí a rò pé yóò wo ikọ́ sàn lè ya sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ọmọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Nígbà tí ọmọ kò bá sunkún, ẹ ṣí aṣọ àyà rẹ̀, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí ọmọ tí kò ì tí ì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60, tàbí ọmọ oṣù 2 sí 11 tó ìgbà 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 4 tó ìgbà 40. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí. Bí kò bá lè mu ọmú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú bí aró, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Níbẹ̀ ni oògùn tí ń pa kòkòrò òtútù àyà wà, àti oògùn ìfàsímú tí ń la ọ̀nà èémí fún alásímà. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dì pátápátá, àwọn dókítà ní ilé-ìwòsàn ńlá lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lẹ́nu fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tètè gbé dé ni wọ́n lè ràn lọ́wọ́.