"Lè" Kan Ṣoṣo, Ìtumọ̀ Mẹ́ta

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó mọ orúkọ ẹja, ti igi àti ti ohun èlò ilé dáradára lè kọsẹ̀ nígbà tí ó bá kan "can", "may", "must" àti "should". Kì í ṣe pé wọ́n ṣòro láti pè tàbí láti kọ. Ohun tí ó fa ìdààmú ni pé Gẹ̀ẹ́sì pín ohun tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan sọ sí ọ̀nà púpọ̀, Yorùbá náà sì ya ohun mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni "lè". Àpẹẹrẹ láti etí òkun Àgbádárìgì yóò là á yéni. Bí ọmọ apẹja kan bá wí pé, "Mo lè lúwẹ̀ẹ́," agbára àti ìmọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. "Can" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún èyí. Bí bàbá rẹ̀ bá wí fún un pé, "O lè lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà lónìí," bàbá kò ròyìn agbára ọmọ náà rárá, ìyọ̀ǹda ni ó fún un. "May" ni ó bá èyí mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Òyìnbó a máa fi "can" rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ìyá rẹ̀ bá sì wo ojú ọ̀run, tí ó ní, "Ìjì lè jà lálẹ́," kò sí agbára tàbí ìyọ̀ǹda níbẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ. "May" tàbí "might" ni ti èyí, "might" sì sábà máa ń fi hàn pé iyèméjì pọ̀ díẹ̀ sí i.

"Must" àti "gbọdọ̀" bá ara wọn mu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọ̀ranyàn: atukọ̀ gbọdọ̀ wo ojú ọjọ́ kí ó tó wọ inú òkun. "Should" rọ̀ ju èyí lọ. "Ó yẹ kí" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ràn sì ni, kì í ṣe àṣẹ. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di òdì. "Must not" ni "kò gbọdọ̀", èèwọ̀ ni. "Need not" ni "kò pọn dandan". Ẹni náà lè ṣe é, ó sì lè fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "You must not swim here" sára pátákó létí òkun, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ fún àlejò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé kò pọn dandan kí ó lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sọ ìkìlọ̀ ikú di ọ̀rọ̀ lásán.

"Must" tún ní iṣẹ́ kejì tí "gbọdọ̀" kì í ṣe. Bí Òyìnbó bá rí ọkọ̀ apẹja lórí iyanrìn, tí omi ṣì ń kán lára àwọ̀n, ó lè wí pé, "They must have returned." Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Yorùbá yóò wí pé, "Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti dé."

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kì í ṣe ohun titun ní Àgbádárìgì. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà kò sì là fún Crowther àti Townsend títí di ọdún 1846. Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, òun ni ó sì wá ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì. Nínú Òfin Mẹ́wàá, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ní "shalt not", "kò gbọdọ̀" ni ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, nítorí pé òfin ni, kì í ṣe ìròyìn ohun tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlérí ni, "yóò" ni ìbá tọ́ fún "shall".

Ọ̀rọ̀ kan náà lè gbé ìjọba dání. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú ti Èkó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú náà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọ pé wọn yóò gbà á láàyè láti máa jẹ́ orúkọ ọba, àti láti máa parí ìjà láàrin àwọn ọmọ Èkó bí àwọn oníjà bá fara mọ́ ọn. Ṣáájú ọjọ́ náà, Dòsùmú lè dá ẹjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì lè dá ẹjọ́. "Lè" kò yí padà ní etí ẹni tí ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n "lè" ti agbára ti di "lè" ti ìyọ̀ǹda, ẹni tí ó sì yọ̀ǹda lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Ní ọdún 1863, Àgbádárìgì náà bọ́ sábẹ́ ìjọba kan náà.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe há ọ̀rọ̀ kan sórí fún ọ̀rọ̀ kan. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: agbára ni, tàbí ìyọ̀ǹda? Ọ̀ranyàn ni, tàbí ìmọ̀ràn? Ohun tí ó dájú ni, tàbí ohun tí ó ṣeé ṣe? Ìdáhùn ni yóò yan ọ̀rọ̀ fún un. Ẹyin lohùn; bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́.