Ọlọ́run Tó Rí Ẹni Tó Sá Pamọ́

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Jẹ́nẹ́sísì 16:1-13
*Ẹsẹ àkọ́sórí:* Jẹ́nẹ́sísì 16:13

 

Ìbéèrè kan wọlé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa lórí ilé Ábúrámù: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ọkùnrin tó fẹ́ ju aya kan lọ, bí gbogbo wọn bá jẹ́ àgbà, tí wọ́n sì gbà á tinútinú? Ọ̀pọ̀ nínú wa á yára dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kúkú ni." Ẹ jẹ́ ká rọra yẹ̀ ẹ́ wò.

*1. Ibi tí àwa dúró sí kò yí padà.* Nínú Mátíù 19:4-6, Jésù mú àwọn tó ń bi í léèrè padà sí ìbẹ̀rẹ̀: ọkùnrin kan, obìnrin kan, ara kan. Bíbélì kò sì fi ẹkún Hánà tàbí ìjà ilé Jákọ́bù pamọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" àti "Ṣé kí ọlọ́pàá wá mú un?" kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ìgbéraga ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìlara ẹ̀ṣẹ̀ ni, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí wọn.

*2. Ẹ jẹ́ ká wo Utah, ní Amẹ́ríkà.* Ìjọ Mormon tó gbilẹ̀ níbẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó púpọ̀ rí. Ní 1890, olórí wọn kéde pé kí wọ́n jáwọ́. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ya lọ, wọ́n ń bá a nìṣó. Ní 1953, ọlọ́pàá ya wọ ìlú kan tó ń jẹ́ Short Creek, ní ààlà Arizona àti Utah. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin, wọ́n sì gba ọmọ tó ju 200 lọ sábẹ́ ìjọba. Àwọn ọmọ mìíràn pẹ́ tó ọdún méjì kí wọ́n tó padà sílé.

Láti ìgbà yẹn, ìbẹ̀rù wọ àwọn èèyàn náà lára. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fara pamọ́. Inú òkùnkùn yẹn gan-an ni àwọn ìkà ti rí àyè: wọ́n ń fi ọmọdébìnrin fún àgbàlagbà, wọ́n ń lu obìnrin. Ta ni obìnrin náà fẹ́ lọ sọ fún? Bó bá lanu, òun fúnra rẹ̀ di ọ̀daràn, wọ́n sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn aṣòfin Utah ṣe dín ìyà náà kù ní 2020. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 tẹ́lẹ̀ di owó ìtanràn tí kò ju 750 dọ́là lọ, fún àwọn àgbà tó gbà bẹ́ẹ̀. Bí ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ẹ̀tàn bá wọ̀ ọ́, ọ̀ràn ńlá ṣì ni.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn o. Nínú àwọn obìnrin tó sá kúrò nínú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àwọn kan béèrè pé: ọmọbìnrin tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé bó bá kọ̀ yóò pàdánù ọ̀run, ṣé "mo gbà" tirẹ̀ jẹ́ gbígbà? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹ sì kíyè sí i: òfin yí padà, ìjọ Mormon kò yí padà. Títí dòní, wọ́n ń yọ ẹni tó bá ṣe é kúrò nínú ìjọ. Ìjọ lè pa ìlànà rẹ̀ mọ́ láìgba kóńdó ọlọ́pàá.

*3. Ilé wa ńkọ́?* Lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ àti lábẹ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, fífẹ́ aya púpọ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, tí aya rẹ̀ wà láàyè, tó tún lọ ṣe òmíràn, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù, abala 370, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un. Ta ni nínú wa ló rí ẹni tó ṣe é rí? Síbẹ̀ a mọ "ilé kejì". Ìyàwó ilé kò mọ̀. Wọ́n ti sọ fún tìta pé tilé ti kọ ọkọ sílẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú bàbá ni àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ rí ara wọn. Ẹ̀yin ará, èyí kì í ṣe àgbà tó fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀tàn ni.

Èrò tèmi nìyí: bí òfin bá mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí àwọn àgbà tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ìgbàgbọ́ wa kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó má ṣe fọwọ́ kúrò lórí ẹ̀tàn, ipá, àti ọmọdé.

*4. Ẹ padà sọ́dọ̀ Hágárì.* Ta ló bi í bóyá ó gbà? Sáráì fi í fún ọkọ, Ábúrámù gbà á. Ẹ ka orí náà dáadáa: àwọn méjèèjì kò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ìránṣẹ́" ni wọ́n ń pè é. Áńgẹ́lì Olúwa ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ létí ìsun omi, òun náà ló kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Lóòótọ́, ó ní kó padà, pẹ̀lú ìlérí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ yẹn lé obìnrin tí wọ́n ń lù padà sínú ìyà. Ohun tí Hágárì fúnra rẹ̀ rántí ni pé Ọlọ́run rí òun.

*Iṣẹ́ òní:* Bàbá tó ní ilé kejì, òfin lè má rí ọ, Olúwa rí ọ. Sọ òtítọ́ nílé, má sì fi oúnjẹ àti owó ilé ìwé du ọmọ kankan (Ẹ́kísódù 21:10). Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ "ilé kejì" bá wọ ilé ìjọsìn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ bi í bí ó ṣe jí.

*Àdúrà:* Olúwa tó rí Hágárì, rí ẹni tó ń sunkún níkọ̀kọ̀ láàárọ̀ yìí. Gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀tàn nínú ilé wa. Jẹ́ kí ìjọ wa jẹ́ ibi tí ẹni tó sá pamọ́ lè jáde sí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

 Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.