Kókó Ọrùn Tí Kò Lọ

Ọlọ́hun fi àwọn kókó kéékèèké sí ọrùn, abíyá àti itan wa láti máa bá kòkòrò àìsàn jà. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọ, wọ́n á wú. Bí ara bá yá, wọ́n á fà sẹ́yìn.

Èyí tó ń kọ wá lóminú ni kókó tó lé ní ọ̀sẹ̀ 4 tí kò lọ, pàápàá bí ibà, lílàágùn lóru àti rírù bá bá a rìn. Ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ lọ: kápúsù lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ikọ́ ife lè wà nínú kókó láìsí pé èèyàn ń wúkọ́, jẹjẹrẹ náà sì lè wà níbẹ̀. Fífọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde, tàbí kó gé kókó kan yọ fún àyẹ̀wò. Inú kókó ikọ́ ife sábà máa ń dà bíi wàrà tí a rún. Láti 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert fún irú àyẹ̀wò yìí; láàárín bíi wákàtí 2, ó ń sọ bóyá kòkòrò náà wà, àti bóyá apá oògùn rifampicin ṣì ká a.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé. Bí wọ́n bá rì gbogbo ẹran náà sínú fọ́málínì, ó dára fún wíwá jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ti pa kòkòrò. Wọn kò lè mú un hù mọ́ láti dán oògùn wò lára rẹ̀. Kí wọ́n tó gé e, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tí kò ní kan fọ́málínì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin fúnra yín gbé ike náà lọ sí Ṣàgámù tàbí Abẹ́òkúta, ẹ gbé e lọ́jọ́ náà, kí orúkọ aláìsàn sì wà lára ike, kì í ṣe lórí ọmọrí nìkan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Prednisolone tí wọ́n ń tà fúnni kí àyẹ̀wò tó wáyé ló ń bà wá lẹ́rù jù: ó lè mú kókó jẹjẹrẹ fà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, kí èsì sì dàrú.

Bó bá jẹ́ ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù 6 ni wọ́n sábà ń lò ó. Ẹni tó jẹ́ inú kókó nìkan ló wà, tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kì í kó o ran ẹlòmíràn. Ẹ má ya àwo oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má sì sá fún un nínú sáfù.