Lílo Oògùn HIV Bí Ó Ti Yẹ, Títí Dé Inú Àwẹ̀



Kògbóògùn ni a ń pe àrùn yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, sọ ọ́ ní gbangba pé òun ni, oògùn rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù wa. Ní 2002 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1,000 náírà lóṣù. Ní 2006 ó di ọ̀fẹ́.

Oògùn náà kì í pa kòkòrò HIV tán. Ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wo oko ìrẹsì wa: àgbẹ̀ tí ó ro ó díẹ̀ tí ó fi í sílẹ̀, koríko ni yóò bò ó. Ẹni tí ó ń lo oògùn lónìí tí ó ń fò ó lọ́la, kòkòrò náà yóò le ju oògùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran aya tàbí ọkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan wọ̀nyí dání:

1. Àkókò kan náà ni kí a máa lò ó lójoojúmọ́, kódà bí ara bá ti yá.

2. Bí a bá gbàgbé, kí a lò ó bí a bá ti rántí. Bí àkókò èyí tí ó kàn bá ti dé tán, kí a lo ẹyọ kan yẹn. A kì í lo méjì pọ̀.

3. Kí a sọ gbogbo oògùn mìíràn àti àgbo tí a ń lò fún dókítà. Dolutegravir, tí ó wà nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ni kí a lò ní wákàtí 2 ṣáájú oògùn inú-kíkorò, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba oògùn ikọ́-fée lè nílò àfikún. Dókítà ni yóò sọ ọ́.

4. A kì í pín in fún ẹlòmíràn.

Àwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́? Àwọn kan ń fi oògùn sílẹ̀ kí ará ilé má baà bi wọ́n léèrè. Èyí léwu. Ẹni tí ó ń lo ẹyọ kan lójúmọ́, kí ó rí dókítà kí oṣù tó lé, kí wọ́n gbé e sí ìgbà sààrì tàbí ìṣínu. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un nínú Súrátul Bákọ́rà láti jẹun, kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe tọpinpin ẹni tí ẹ bá rí ní ilé ìwòsàn. Òfófó ni ó ń mú kí aláìsàn sá fún oògùn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.