Ẹ Má Fi Oògùn Yín Jẹ́rìí

Ìjẹ́rìí kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Arábìnrin kan á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé látìgbà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti gbọ́wọ́ lé òun lórí níbi ìṣọ́ òru, òun ti kó gbogbo oògùn náà dà sí ṣáláńgá, kò sì sóhun tó ṣe òun. Ìjọ á hó yèè, onílù á dá sí i, arábìnrin á jó padà sí àyè rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ti da oògùn nù. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ látìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó máa pè é padà síwájú ìjọ ní oṣù mẹ́fà sí i kó wá sọ ibi tọ́rọ̀ dé. Àwọn tó jókòó láàárín èrò tí irú àìsàn kan náà ń bá jà lọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù. Bí wọ́n bá délé lálẹ́, wọ́n á máa wo páálí oògùn tiwọn lórí tábìlì, wọ́n á sì máa rò ó pé ìgbàgbọ́ àwọn ló kéré.

Ẹ jẹ́ kí n sojú abẹ níkòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró, kí ẹ lè fi hàn pé Ọlọ́run lẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe wòlíì, ì báà ṣe ìyá ìjọ tí ẹ bọ̀wọ̀ fún gan-an, ẹ má gbà fún un. Èmi náà ń gbàdúrà fún aláìsàn, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí á máa fi ara ẹni tí kò lera dán Ọlọ́run wò. Sátánì ló ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ẹsẹ Bíbélì ló sì fi tì í lẹ́yìn. Jésù kò bẹ́.

Àwọn baba wa tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àìlo oògùn nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì tàn wọ ìgbèríko. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's kan kóra jọ yí Joseph Shadare ká, wọ́n ń gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami náà dìde, ó ń wàásù pé kí àwọn èèyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gbára lé àdúrà àti omi òjò. Látibẹ̀ ni wọ́n ti kàn sí ìjọ Faith Tabernacle ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò fàyè gba oògùn rárá. Nígbà tó di ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti fìgbà kan wa kátakàta tí wọ́n fi ń tẹ títì. Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Aládùúrà sì rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníínì sí ibà. Ìjà dé. Ọ̀kan lára ohun tó pín wọn níyà nìyẹn, ìjọ tó sì jáde látinú rẹ̀ la mọ̀ lónìí sí Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ dókítà lọ́dún 1918. Kò sí oògùn kankan tó ràn influẹ́ńsà. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí kòkòrò tó ń fà á lára ènìyàn, ọdún 1928 ni wọ́n tó ṣàwárí pẹnisílíìnì, ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i lẹ́yìn náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára aláìsàn. Ẹni tó sá sínú àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà kò fi ìwòsàn kankan sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn, nítorí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù lónìí, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ló ń dà nù. Ìgbàgbọ́ àwọn baba yẹn ni kí á jogún, kì í ṣe àìsí oògùn ìgbà ayé wọn.

Ìtàn tún ní apá kejì tí wọn kì í sọ lórí pẹpẹ. Àwọn Kristẹni náà ló gbé ilé ìwòsàn wá. Ìjọ Kátólíìkì ló dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895. Ní 1907, dókítà míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, George Green, gúnlẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Iléṣà tí ìsọjí ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Ṣé ti Ọlọ́run ni àwọn tó gbàdúrà, tí àwọn tó ń di ojú egbò kì í wá ṣe ti Ọlọ́run?

Àwọn tó bá fẹ́ fi Bíbélì gbèjà àìlo oògùn, ọ̀rọ̀ Ásà ọba Júdà ni wọ́n sábà máa ń fà yọ, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, oníṣègùn ló sì wá dípò Ọlọ́run. Kí wọ́n ka orí kẹrìndínlógún ìwé Kíróníkà Kejì náà látòkè. Kí ẹsẹ̀ tó dùn ún, Ásà ti kó fàdákà àti wúrà inú ilé Olúwa lọ fún ọba Síríà kó lè ràn án lọ́wọ́ lójú ogun, ó sì ti ju wòlíì tó bá a wí sẹ́wọ̀n. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Àìsáyà gbàdúrà fún Hesekáyà, síbẹ̀ ó tún ní kí wọ́n lẹ èso ọ̀pọ̀tọ́ mọ́ eéwo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo àwọn èèyàn sàn ní Éfésù, wáìnì díẹ̀ ló ní kí Tímótì máa mu sí inú rírun. Oníṣègùn sì ni Lúùkù tó bá a rìn.

Inú ìwé Lúùkù orí karùn-ún ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo alága ìsìn ìjẹ́rìí kọ sára ògiri wà. Jésù wo adẹ́tẹ̀ kan sàn tán, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà. Nínú òfin Mósè, àlùfáà ló ń yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò, òun ló sì láṣẹ láti sọ pé ó ti mọ́. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò ló kọ́kọ́ dé. Jésù tó wo ọkùnrin náà sàn kò rí i bí àìnígbàgbọ́ pé kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ara mi ti yá” kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìdí nìyẹn tó fi ń pa ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ lè kà á sí 180 lókè 110 kí ẹ sì máa jó nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bíi propranolol, tó jẹ́ pé bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ó lè da ọkàn rú, kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sì fò sókè. Aláàrùn ikọ́ ife, TB, á lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ á dáwọ́ dúró, á ní Ọlọ́run ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn náà. Àwọn kòkòrò tó ṣẹ́kù á gbára dì, wọ́n sì lè padà wá lọ́nà tí oògùn náà kò ní í ràn wọ́n mọ́. Bí ẹni tó ní HIV bá ń lo oògùn déédéé, àyẹ̀wò lè má rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ oògùn nìyẹn. Bó bá dá a dúró, ó sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti oníwárápá, kí oògùn dúró lójijì lè mú kí gìrì máa tẹ̀ lé gìrì láìdáwọ́ dúró, èyí sì lè gbẹ̀mí.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, kò gbọ́dọ̀ fi ebi panu láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀ gbígbẹ, nínú gbọ̀ngàn àdúrà: àwọn kan á ní Ẹ̀mí ló gbé e, àwọn kan á ní àjẹ́ ló fẹ́ jẹ́wọ́. Omi ṣúgà tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló nílò nígbà náà, bó bá lè gbé e mì. Bí kò bá mọ nǹkan kan mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlíìnì rárá tó wá dá abẹ́rẹ́ dúró lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún náà ń dùn mí gan-an. Àdúrà tí gbogbo wa ń ṣe fún wọn ni pé kí wọ́n bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù. Àdúrà rere ni, ṣùgbọ́n ẹ padà sí Ẹ́kísódù orí kìíní tó ti jáde. Àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún Fáráò kí ó má bàa pa wọ́n (èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé kì í ṣe àwáwí), Bíbélì dárúkọ méjì nínú wọn, Ṣífúrà àti Púà, ó sì ní Ọlọ́run ṣe dáadáa sí wọn, ó fún wọn ní ìdílé. Orí tí a ti ń fa àdúrà àìnílò agbẹ̀bí yọ, orí tí Ọlọ́run ti ń san ẹ̀san fún agbẹ̀bí ni!

Mi ò ní kí ẹ má bímọ nílé àgbẹ̀bí ìjọ tí ó bá ní agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, tí ìjọba fọwọ́ sí, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé aláboyún lọ síwájú. Èyí tí mo ń kìlọ̀ fún ni ibi tí wọ́n ti ń so ẹni tó ń rọbí mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orin. Bí orí bá ń fọ́ aboyún gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló fẹ́ di gìrì, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dá a dúró sì wà ní ilé ìwòsàn. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bó bá ti rọbí ju wákàtí 12 lọ tọ́mọ kò jáde, tàbí tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, ẹ má dúró de ìran. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa abiyamọ tí ara rẹ̀ le koko láàárín wákàtí mélòó kan.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ jáde. Nígbà mìíràn, owó ló tán. Látìgbà tí iléeṣẹ́ GSK ti kéde lọ́dún 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, tí náírà náà sì já wálẹ̀, owó oògùn ti ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ojú á ti bàbá tó ti fẹ̀yìn tì láti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun kò rówó ra oògùn mọ́. Ó rọrùn fún un láti ní òun ti gba ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo àpò oògùn àwọn òbí yín nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn. Ẹ bi dókítà tàbí apòògùn bóyá irú oògùn kan náà wà tí owó rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń wà. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò náà, nítorí náà ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ dákun. Owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọjọ́ àjọ̀dún kan lè ra oògùn ọ̀pọ̀ opó fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n tó àpótí gbohùngbohùn kan, nọ́ọ̀sì sì wà nínú ìjọ yín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́rìí ìwòsàn, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú ìwé àyẹ̀wò wá, bí adẹ́tẹ̀ yẹn ti lọ bá àlùfáà. Bó bá jẹ́ òótọ́, àyẹ̀wò kò ní í ba ògo Ọlọ́run jẹ́, dókítà tó kọ oògùn náà ni yóò sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ti dá oògùn tiyín dúró, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sọ òótọ́ iye ọjọ́ tí ẹ fi dáwọ́ dúró, ẹ mú páálí oògùn tó ṣẹ́kù dání, ẹ má sì gbé ìlọ́po méjì mì láti fi dí àlàfo. Nọ́ọ̀sì lè fìbínú sọ̀rọ̀ sí yín. Ẹ fara dà á. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣe é gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu aláìsàn, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ pe 112, tàbí 767 bí ẹ bá wà ní Èkó, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀ fún dókítà, nítorí wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn tó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká fi ń ṣiṣẹ́.