Sí Ìwọ Tí O Ń Kọ́ Ọmọ Ní Iṣẹ́ Ọnà

Ọmọ mi, inú mi dùn pé wọ́n fún ọ ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Má ya àwòrán sára pátákó kí gbogbo wọn máa dà á kọ. Ọwọ́ wọn lè yá, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ní là.

Ní 1927, Kenneth Murray ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ayàwòrán Àìná Onábólú ti rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Onábólú ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n, àti bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Murray ní kí wọ́n ya ohun tó wà láyìíká wọn. Ìwọ fi méjèèjì kọ́ni. Ọmọ tó mọ ìwọ̀n nìkan kò tíì ní ohun tí yóò sọ.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo náà. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Georgina Beier, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ní nǹkan bí 1964. Ìlẹ̀kẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ adé ọba, ni ó wá fi ń ṣe àwòrán. Ta ni ì bá rò ó?

Bí kò bá sówó ọ̀dà, èédú àti bébà tó. Bí ọmọ bá ya ewúrẹ́ aláwọ̀ aró, bi í léèrè ohun tó rí. Má pa á rẹ́. Níparí táàmù, gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri, kí o sì pe àwọn òbí wá wò ó.